Àkọ́sórí: Ohun tí Mo Bá ní Àwọn Gompa Orí Òkè Ladakh

Ní ọdún tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ gboyè mi lórí ẹsẹ Ifá, bàbá tó bí bàbá mi ṣì wà láyé. Babaláwo ni wọ́n. Ìlú tí wọ́n ń gbé kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ nínú ọkọ̀ láti yunifásítì tí mo wà. Síbẹ̀, ilé ìkàwé ni mo jókòó sí. Inú àwọn ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti tẹ̀ jáde ni mo ti ṣa gbogbo ẹsẹ tí mo lò jọ. Máàkì tí mo gbà dára púpọ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí bàbá àgbà fi papòdà, kò sì sí ẹnì kankan nínú ìdílé wa tó lè ka ẹsẹ kan ṣoṣo já nínú èyí tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́.

Fún ọdún mẹ́rin, n kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Orí òkè kan tó jìnnà réré sí ilẹ̀ Yorùbá ni mo dé kí n tó mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́kàn mi bí ẹ̀gún.

Ladakh ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà ni ó wà, láàárín àwọn òkè Himalaya àti Karakoram. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka Yorùbá, tó ń kàwé gboyè kejì ní Delhi báyìí, ni ó ní kí n wá kí òun. Owó iṣẹ́ ìkọ̀wé tí mo tọ́jú fún ọdún méjì ni mo fi san owó ọkọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ òfurufú láti Delhi lọ sí Leh, ìlú tó tóbi jù ní Ladakh. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju kí n ya fọ́tò, kí n sì kọ àròkọ ìrìn-àjò kan tí n ó tà.

Leh ga tó nǹkan bí 3,500 mítà ju ojú omi òkun lọ. Èmi tí mo ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdánrè, tí mo sì ń fi í yangàn, àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré ní ilé àlejò tí a dé sí ni ó mú mi mí hẹlẹhẹlẹ. Ní ibi tó ga bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí fà símú nínú èémí kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń rí ní Èkó lọ. Orí fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ìyá onílé gbé ọbẹ̀ aáyù gbígbóná wá, wọ́n sì fi ọwọ́ júwe fún wa pé kí a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí a tó gun òkè kankan. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìmọ̀ràn yìí bí ẹ bá lọ. Àìsàn orí òkè lè pa èèyàn.

"Julley" ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwa àti ìyá náà jọ gbọ́. Òun ni wọ́n fi ń kí ni, òun ni wọ́n fi ń dúpẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń dágbére. Èmi ọmọ Yorùbá tó ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró àti ẹni tó ń dirun, ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ti tó mi lò.

Gompa ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ilé tí àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ń gbé, tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa, gbé wa lọ sí gompa Thiksey, tí kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ sí Leh. Orí òkè ni ó wà: ilé funfun lórí ilé funfun, àjà méjìlá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè téńté. A dé ibẹ̀ kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù, eyín wa ń lu ara wọn nínú òtútù. Mọ́ńkì méjì gun orí òrùlé, wọ́n fun fèrè, ohùn rẹ̀ sì ń dún lọ sí àfonífojì tí odò Indus ń gbà kọjá.

A bọ́ bàtà, a jókòó ti ògiri nínú gbọ̀ngàn àdúrà. Àwọn mọ́ńkì jókòó ní ìlà-ìlà nínú aṣọ tó pọ́n bí osùn, àgbàlagbà ní òkè, ọmọdé nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ohùn wọn wálẹ̀, ó ń kùn bí ohùn oyin. Lóòrèkóòrè, ìlù ńlá kan yóò dún, wọn yóò sì lu àwo idẹ méjì mọ́ra wọn. Ọmọdékùnrin kan tí n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ gbé kẹ́tùrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ, ó ń bu tíì fún gbogbo èèyàn. Bọ́tà àti iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí tíì náà, kì í ṣe ṣúgà. Lẹ́nu mi, ó jọ omi ọbẹ̀ ju tíì lọ, ṣùgbọ́n nínú òtútù yẹn, ife mẹ́ta ni mo mu.

Lẹ́yìn àdúrà, a lọ wo ère Maitreya, Búdà tí wọ́n gbà pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó ga tó mítà 15, àjà méjì ni ó gbà; ìrántí àbẹ̀wò Dalai Lama kẹrìnlá sí Thiksey ní ọdún 1970 ni wọ́n fi ṣe é. Mo ya fọ́tò rẹ̀ tó ogún. Nígbà tí mo jáde sí àgbàlá ni mo rí ohun tí n kò lè yà.

Ọmọ tó ń bu tíì lẹ́ẹ̀kan ni. Ó jókòó sínú oòrùn níwájú mọ́ńkì arúgbó kan. Ewé ìwé gígùn tóóró kan wà lórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò ó; ó dijú, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Ó kọsẹ̀. Arúgbó náà kò bá a wí. Ó kàn fi ìka kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kọsẹ̀ ní ibì kan náà. Ìka tún kan ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kà kí ó tó là á já, kí arúgbó náà tó ṣí ewé mìíràn.

Mo mọ ohun tí mo ń wò. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ Ifá nìyẹn. Bàbá àgbà sọ fún wa pé ọdún mẹ́wàá ni àwọn fi gbé ọ̀dọ̀ olùkọ́ àwọn, tí àwọn ń gbálẹ̀, tí àwọn ń gbé àpò tẹ̀ lé wọn lọ sí òde, tí àwọn ń gba ẹsẹ lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀ ní òròòwúrọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, a lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sórí ẹní, wọ́n ka ìlà mẹ́rin, wọ́n ní, "Ó yá, ìwọ náà wí i." Mo wí ìlà méjì, mo bú sẹ́rìn-ín, mo sáré lọ wo tẹlifíṣàn nílé kejì. Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Wàá padà wá." N kò padà. Nígbà tí mo tilẹ̀ wá nílò Ifá láti gboyè, ilé ìkàwé ni mo gbà lọ, nítorí pé ojú ń tì mí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má lọ mọ̀ pé ọmọ-ọmọ babaláwo ni mí.

Omijé bọ́ lójú mi ní àgbàlá náà. "Ṣé orí tún ń fọ́ ẹ ni?" ni ọ̀rẹ́ mi bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí a ti ń lọ sí gompa Hemis, tó tó nǹkan bí 45 kìlómítà sí Leh, mo bi awakọ̀ wa bóyá ọmọ kékeré pọ̀ ní gompa abúlé wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láyé àtijọ́, ìdílé púpọ̀ máa ń fi ọmọkùnrin kan fún gompa; ẹ̀gbọ́n bàbá òun wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì péré ni ìyá òun bí: ọ̀kan ń wa ọkọ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. "Èwo ni kí wọ́n fi sílẹ̀ nínú wa?" Mo ti lọ pẹ̀lú èrò pé orí òkè yìí ni ayé àtijọ́ sá pamọ́ sí. N kò mọ̀ pé ohun tó ń kọ àwọn àgbà wa lóminú nílé ń kọ àwọn náà lóminú.

Àfonífojì ni Hemis fara pamọ́ sí. Ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, èrò máa ń kún àgbàlá rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n fi ń bọlá fún Padmasambhava, tí àwọn mọ́ńkì yóò da ìbòjú bo ojú, tí wọn yóò sì jó. Nígbà tí a dé, ajá kan ṣoṣo ló sùn síbẹ̀. A yí àwọn àgbá àdúrà tó wà lára ògiri bí a ti ń kọjá. Bí ọwọ́ aago ti ń yí ni a gbọ́dọ̀ yí wọn. Bákan náà, bí ẹ bá pàdé ògiri òkúta tí wọ́n fín àdúrà sí lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín bí ẹ ti ń kọjá.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, a lọ sí Alchi ní ìwọ̀ oòrùn Leh. Kò wà lórí òkè bíi Thiksey. Inú abúlé ni, nítòsí odò Indus. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò ya fọ́tò nínú rẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì kékeré ni a fi wo àwọn àwòrán ara ògiri: ọba, ààfin, ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n ti kùn síbẹ̀ láti nǹkan bí 800 ọdún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi ìdásílẹ̀ Alchi mọ́ orúkọ Rinchen Zangpo, ẹni tó gbé ayé láàárín ọdún 958 sí 1055. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Ó lọ sí Kashmir, ó jókòó ti àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ó sì túmọ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sìn láti èdè Sanskrit sí èdè Tibet. Mo dúró nínú òkùnkùn náà. Èmi náà kọ́ èdè. Èdè ni mo fi ń jẹun. Ẹni yìí la àwọn òkè wọ̀nyí kọjá láyé tí kò sí ọkọ̀, kí ó lè jókòó ti olùkọ́. Ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ni èmi kò lè rìn.

Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa mìíràn wà tí a ní láti dé Sókótó kí a tó rántí pé a wọ ṣòkòtò.

Ifá bàbá àgbà ti lọ. N kò ní í tan ara mi jẹ. Ṣùgbọ́n àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣì wà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì mọ oríkì orílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà tí mo ti dé, Sátidé méjì lóṣù ni mo fi ń lọ bá wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé fóònù sórí ẹní kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Nínú ìwọ àti ẹ̀rọ yìí, èwo ni mò ń kọ́?"

Mo gbé e padà sápò. Mo ń ṣe àṣìṣe púpọ̀. Bí mo bá kọsẹ̀, Ìyá Àgbà a fi ọwọ́ lu ẹní, èmi a sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.