Ta Ló Fi Kún Owó Epo?

Títúmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún rédíò ni iṣẹ́ tí mo fi jẹun ní Ìlọrin kí n tó fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn máa ń bá wa. Àwa a sọ ọ́ di Yorùbá, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa a sọ ọ́ di Nupe tàbí Baatonu, gbogbo rẹ̀ kí aago tó lù. Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà wà kò ju pé ìjọba kì í fi èdè aráàlú kọ̀wé sí aráàlú. Bí wọ́n bá sì ti kọ̀wé, nǹkan kan ti yí padà nìyẹn.

Òwò yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Míṣọ́nnárì Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859. Àmọ́ abẹ́ Kaduna ni Ìlọrin wà ní tiwa, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa sì ni ìjọba Àríwá fi ń pàṣẹ, títí di 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí ìjọba Gowon dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di Kwara. Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọdún 1972, nígbà tí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyẹn ò ní wàhálà: a ní ọwọ́ òsì, a ní ọwọ́ ọ̀tún. Owó náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973 náà rọrùn láti sọ: sílè mẹ́wàá ni náírà kan, pọ́ùn kan ni náírà méjì. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà-Ọba gbọ́ dáadáa, wọ́n sì ń fi sílè ka owó wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbà ológun lèmi dé. Gẹ̀ẹ́sì ológun kò gùn. Wọ́n á tú ìgbìmọ̀ ká, wọ́n á dá gómìnà dúró, wọ́n á ti ibodè. “With immediate effect” tó máa ń wà nídìí gbogbo ìkéde wọn kò gbà ju “lójú ẹsẹ̀” lọ. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó ní oṣù Kẹrin 1984, ẹni tó gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan péré ti mọ̀ pé owó ìdí àpótí gbọ́dọ̀ dé báǹkì.

Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ le. Ìjọba Babangida gbé “Structural Adjustment Programme” dé, a sì kọ “ètò àtúntò ọrọ̀ ajé” sílẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ tún tò? Ta ni yóò san owó àtúntò náà? Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò sọ, àwa náà ò sì rí ibi tí a ó ti fà á yọ. Aráàlú ò tilẹ̀ dá tiwa sí: Sáàpù ni wọ́n pè é. Ṣáájú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, dọ́là kan kò tó náírà méjì. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kọjá mẹ́rin.

Láti ìgbà náà ni “àtún” ti gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Reform, àtúnṣe. Amendment, àtúnṣe. Reshuffle, àtúntò. Review, àtúnyẹ̀wò. Nígbà tí Dora Akunyili, mínísítà ìròyìn, tún gbé “rebranding” dé ní 2009, ó wá dà bíi pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí kò fẹ́ dá ọkọ̀ padà ni gbogbo Nàìjíríà wà. Òótọ́ ni pé NERDC, àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde ní 1991 ní Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Igbo àti Yorùbá. Ìwé náà wúlò tí a bá ń sọ̀rọ̀ àbá òfin. Lórí owó epo, kò sí ìwé tó lè gbà wá.

Ìjọba kì í fi owó kún epo ní Gẹ̀ẹ́sì. “Price adjustment” ni wọ́n máa ń ṣe, tàbí “upward review”. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà méjì ló wà. A lè kọ pé “Epo ti gbówó lórí.” A sì lè kọ pé “Ìjọba ti fi kún owó epo.” Àwọn ọ̀gá kan fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, nítorí kì í fa lẹ́tà láti òkè. Kì í sì í ṣe irọ́, Yorùbá tó dán mọ́rán ni. Ẹni tó bá rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ bí a ti ń fi ojú ẹni tó ṣe nǹkan pamọ́ kò tíì gbọ́ Yorùbá dénú. Bí mo bá kọ ọ́ báyẹn, ẹ̀gbọ́n tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò a gbé bírò sókè.

“Àbúrò, ta ló fi kún un? Ṣé epo ló dìde fúnra rẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.”

“Wọn ò kọ ọ́. Ìyẹn lo ṣe gbọ́dọ̀ bi wọ́n.”

Ẹ̀kọ́ tí mo rí gbà nínú iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, epo kúrò ní náírà 65 ó bọ́ sí 141, kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti ìwọ́de tó fà á wálẹ̀ sí 97. A kọ ọ́ pé ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Àwọn olùgbọ́ ń béèrè pé ìrànwọ́ wo, ta ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́? Ìbéèrè yẹn dára ju ìròyìn tí a kà lọ.

Ní 2015, “Change” ni ẹgbẹ́ APC fi polongo. “Ìyípadà” la kà. Nínú ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Tanke, ṣéńjì ni ṣéńjì ń jẹ́: owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ awakọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń bi ara wọn pé ṣéńjì àwọn dà.

Àmọ́ nígbà tí Kwara fẹ́ yí ìjọba tiẹ̀ padà, kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tó gẹ́! Láti 2018 títí dé ìdìbò oṣù Kejì àti oṣù Kẹta 2019, tó gba agbára lọ́wọ́ ìdílé Saraki, ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹnu ń sọ. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kọ “O to ge” bó ṣe rí, àwọn ló wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún òǹkàwé wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ kíyè sí i pé òun náà kò dárúkọ ẹnì kan. Kí ni ó tó? Ta ló ṣe é tó fi tó? Kò sẹ́ni tó béèrè ní Ìlọrin, nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Ààrẹ Tinubu sọ ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé “subsidy is gone”, ilé ni mo wà. Ó ti lọ, ni Gẹ̀ẹ́sì yẹn wí, bí àlejò tó dágbére fúnra rẹ̀. Mo sún mọ́ rédíò kí n gbọ́ bí wọn yóò ṣe kà á. Ọmọ tó wà lórí afẹ́fẹ́ kò ju ọmọ mi lọ. Ó ní: “Ààrẹ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo.” Ó bọ́ sí ìròyìn mìíràn.