Àwọn Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ Lórí Fóònù
Ẹni tó bá dé Plateau kò ní í béèrè kí ó tó rí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Lórí fóònù, wọn kì í tètè yọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣí ìkànnì kan tí a ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò: àwòrán ńláńlá, orúkọ Faransé «mamelles», ó tán. Kò sọ pé orí àpáta wọ̀nyí ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Dàhọ̀mì. A jọ tún un yà sórí ìwé: àwòrán kéékèèké, Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé, òpópónà tó ti Kútọnu lọ sí Parakou lókè pátápátá, nítorí ọ̀nà ni àlejò ń kọ́kọ́ wá. Ọmọbìnrin kan fi ìlà kan kún un, a kò sì pa á rẹ́: kí o tó gun òkè, kọ́kọ́ kí àwọn àgbà.