Ṣé Sísá Ni Wọ́n Sá?

Ẹ̀kọ́ tó wà lórí pátákó lọ́jọ́ náà ni ìtàn àwọn tó fi ẹsẹ̀ eré orí ìtàgé Yorùbá múlẹ̀. Kíláàsì SS2 ni. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó sì ti ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí kì í wo ìwé mọ́ kí ó tó kọ́ ọ. Ó sọ fún wọn pé ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Ògúndé ní Ọ̀sọsà, ìlú tí kò jìnnà sí tiwọn rárá, pé olùkọ́ ni kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọdún 1941. Ó sọ fún wọn nípa Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí wọ́n bí ní ọdún 1925, pé olùkọ́ ni òun náà. Nígbà tí ó kan Dúró Ládípọ̀, ará Òṣogbo, gbólóhùn kan náà ló tún sọ: olùkọ́ ni.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣe tíṣà rí. Ṣé iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n sá fún?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Aago lù kí ó tó lè fèsì. Ó ní kí ọmọ náà rán òun létí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti wá sí ilé rẹ̀, ó sì ti fi iṣẹ́ mìíràn lọ̀ ọ́.

Àna yìí ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀. Iṣẹ́ náà ti ń gbòòrò, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa ka àpò sìmẹ́ńtì, tí yóò máa wọn yanrìn, tí yóò máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, tí yóò sì máa san owó àwọn alágbàṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni mò ń wá," ni ó wí. "Mi ò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹ wá bá mi mójú tó o. Ohun tí ìjọba ń fún yín lóṣù, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni màá máa san."

"Àbúrò, jẹ́ kí n rò ó," ni ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì jókòó níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí àlejò lọ tán ni ó tó lanu. "Bàbá Ìbejì, ẹnu mi ò sí níbẹ̀ o. Àbúrò mi ni. Bí ó bá dára, wọn á ní èmi ni. Bí kò bá sì dára, wọn á ní èmi náà ni."

Ọ̀rọ̀ owó kò nílò àlàyé púpọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni owó ọkọ̀ láti ilé rẹ̀ sí ilé-ìwé ti gun òkè. Nígbà tí wọ́n gbé owó-oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000 ní ọdún 2024, àfikún díẹ̀ kan òun náà, ṣùgbọ́n ọjà ti gba tirẹ̀ kí owó náà tó dé ọwọ́. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò ní ìbejì ní yunifásítì.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni, ìpinnu náà ìbá ti rọrùn. Ohun tó ń jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn ju ti owó lọ ni ọ̀rọ̀ kan tó ti gbọ́ títí tó fi fẹ́ di orúkọ rẹ̀: "Yorùbá lásán." Àwọn òbí ń sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń sọ ọ́. Bí ọmọ kan bá mú ọpọlọ dání, wọn a ní kí ó má fi Yorùbá fi àkókò ṣòfò. Bí ó bá sì di pé olùkọ́ ìṣirò kò wá, kíláàsì Yorùbá ni wọ́n a kọ́kọ́ gbà fún un nígbà tí ó bá dé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó ti ń gba èyí mọ́ra. Ó sì ti ń ka ọdún tó kù.

Ìyẹn náà ti yí padà. Nígbà tí ó wọ iṣẹ́, ọgọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀ tàbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ni olùkọ́ fi ń fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sún un dé ọdún márùndínláàádọ́rin, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló yọ̀, ìyẹn sì tọ́, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le tí ó ń gba owó-oṣù sàn ju ẹni tó ń tò lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kà á lórí ìka. Ọdún méje tí ó rò pé ó kù yóò di méjìlá níbikíbi tí wọ́n bá ti tẹ̀lé òfin náà. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni wọ́n fún òun tàbí wọ́n fi kún ẹ̀wọ̀n òun.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè ọmọ náà fi bá a relé.

Ó tún lọ wo ìtàn tí ó ti ń kọ́ láti ọdún yìí wá. Kò rí nǹkan tuntun níbẹ̀; ojú tí ó fi wò ó ló yàtọ̀. Ògúndé kò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó ju iṣẹ́ nù. Ní ọdún 1944, nígbà tí wọ́n ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì, ní Glover Hall ní Èkó, ọlọ́pàá ni. Ìjọ Aládùúrà kan ló ṣe eré náà fún. Ó ń ṣọ́ ìlú, ó ń kọrin, ó sì ń wo bóyá èrò yóò sanwó wọlé. Ó tó ọdún kan àbọ̀ sí méjì lẹ́yìn náà kí ó tó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, Ògúndé sì mọ èyí. Nígbà tí ó wá wọnú odò náà tán, ǹjẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ tilẹ̀ ni ó fi sílẹ̀? Ní ọdún 1964 ni ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ó ṣòro kí ìjọba tó bínú bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ọkùnrin náà tún wá àwọn tó dúró, kí òun náà lè rí ẹgbẹ́. Ó kọ́kọ́ rántí D.O. Fágúnwà, tó jẹ́ pé olùkọ́ ni nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ṣùgbọ́n Fágúnwà náà kúrò ní kíláàsì nígbẹ̀yìn. Ọ́fíìsì ìwé títẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni ó lọ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ Heinemann, ibẹ̀ ni ó sì wà títí tí ó fi kú ní ọdún 1963. Ó rántí J.F. Ọdúnjọ, baba Aláwìíyé. Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n ó di mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti bọ́ sí ibòmíràn kí ọjọ́ alẹ́ wọn tó dé.

Àṣé ẹni tó bá dúró sínú kíláàsì títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kì í wọ inú ìwé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì wá sí i lọ́kàn rí. Ó rántí ìyá àgbàlagbà kan tó kọ́ òun ní àmì ohùn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá náà a máa gbé ọwọ́ sísàlẹ̀, a gbé e sáàárín, a gbé e sókè, gbogbo kíláàsì a sì máa tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú dò, re, mí. Kò kọ ìwé kankan. Kò sí ilé-ìwé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ń kọ́ àmì ohùn títí di òní, ọwọ́ ìyá náà ni ó ń gbé sókè.

Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé, ó sọ fún àna rẹ̀ pé òun yóò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí àwọn méjèèjì wo bí yóò ti rí.

Iṣẹ́ náà wù ú. Òtítọ́ nìyẹn, kò sì ní í dára kí a fi pamọ́. Agogo méje òwúrọ̀ ni ó ń débẹ̀. A ka àpò sìmẹ́ńtì, a wo yanrìn bóyá amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí ẹ̀rọ kò bá yọnu, tó bá di ìrọ̀lẹ́, búlọ́ọ̀kù 700 a tò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, eléyìí tí wọ́n ṣe lánàá a ti ń le, tàná ìjẹta a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Wọ́n a máa bu omi wọ́n wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí wọ́n má baà sán. Ọkùnrin náà a dúró, a máa wò wọ́n. Ohun tí ó ṣe lónìí wà níwájú rẹ̀, ó sì ṣeé kà. Bí ó bá délé, kò gbé ìwé ọmọ kankan dání láti máàkì. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí ó lè nawọ́ sí nǹkan kan pé, èyí ni mo ṣe lónìí. Kí ni olùkọ́ fẹ́ kà? Ọmọ ogójì ló wà nínú kíláàsì, mélòó nínú wọn ni ọ̀rọ̀ wọ̀ létí, ta ni yóò mọ̀ kí ó tó di ogún ọdún sí i?

Ẹni tó bá rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni yóò lé e kúrò níbẹ̀ yóò tàsé. Lóòótọ́, ọ̀gá àwọn alágbàṣe dábàá lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n jẹ́ kí àpò sìmẹ́ńtì kan mú búlọ́ọ̀kù tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nítorí irú èyí ni òun ṣe pe ẹ̀gbọ́n òun wá. Bí a bá sì ní ká sọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́, ilé-ìwé tí àwọn òbí ti ń gbé owó wá nítorí àti ra ìdáhùn ìdánwò fún ọmọ wọn kò ní ẹnu láti fi bá ibi búlọ́ọ̀kù wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkùnrin kan tó ń kọ́lé wá ra búlọ́ọ̀kù. Ó wo olùkọ́ náà, ó tún un wò, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Kò rántí ewì kankan, kò rántí ìtàn kankan. Ẹgba tí ó jẹ nítorí pé ó sùn ní kíláàsì nìkan ni ó rántí, ó sì ń fi ìdùnnú sọ ọ́ fún àwọn alágbàṣe. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.

"Ẹ ṣe ẹ̀dínwó fún mi, sà. Ẹ má dá èrè jẹ. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fọ igbá rẹ̀."

"Ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," ni olùkọ́ náà wí kí ó tó mọ̀ pé òun ti lanu. "Kò fọ igbá kankan. Tún un wí."

Ọkùnrin onílé náà, tó ti ní ewú díẹ̀ nírùngbọ̀n, tún un wí. Àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi dúró. Ó gba ẹ̀dínwó ₦20 lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, àna sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pé bí ẹ̀gbọ́n òun yóò bá máa kọ́ àwọn oníbàárà lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kúkú máa san owó ilé-ìwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó wò ó. "Ó pẹ́ tí ẹ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ fún mi," ni ó wí. Kò wí pé iṣẹ́ wo.

Oṣù kẹsàn-án dé, ilé-ìwé wọlé. Àna ní òun yóò dúró di Kérésìmesì, nítorí iṣẹ́ kì í dúró de ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹnu kò pé olùkọ́ náà yóò máa wá ní ọjọọjọ́ Sátidé títí di ìgbà náà. Ìwé ìfipòsílẹ̀ kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti fi gbogbo àmì ohùn sí i, déètì nìkan ni kò sí lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ kíláàsì SS3, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò jẹ́ kí ó jókòó.

"Sà, ẹ ní kí n rán yín létí. Ṣé sísá ni wọ́n sá?"

Ó sọ ti Ògúndé fún wọn, bí ó ti ń ṣe ọlọ́pàá tí ó sì ń ṣe eré. Ó sọ ti Fágúnwà àti Ọdúnjọ. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ti ìyá tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè láti fi hàn wọ́n bí ó ti máa ń ṣe. Kíláàsì dákẹ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?" ni ọmọ náà tún bi í.

"Mi ò tíì mọ̀," ni olùkọ́ náà dá a lóhùn. Ó ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Àmì ohùn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdajì wọn ni wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ nínú ìsinmi.