Ǹjẹ́ Oyè Yunifásítì Tó Ohun Tí À Ń Ná Lé E?

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gboyè níbẹ̀ kò wá iṣẹ́ kiri. Iṣẹ́ ọba ni ó ń wá wọn. Àwọn baba wa rí èyí, wọ́n sì fi oko kòkó dógò kí ọmọ lè di ọ̀mọ̀wé. Ìrántí ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ òbí ṣì fi ń ṣírò lónìí.

Ìṣirò náà kò pé. Owó ilé ìwé ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka owó yàrá, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Èyí tí wọn kì í kà rárá ni ọdún. Ní 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀; ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ọmọ tí ó yẹ kí ó fi ọdún mẹ́rin jáde lè lò tó mẹ́fà. Nígbà náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ti gbòmìnira, ó ti ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní 2024 ni ìjọba fi owó àgùnbánirọ̀ sí ₦77,000 lóṣù. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gboyè nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ilé ìwé aládàáni tí ó gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìsìn náà kò san ju ìdajì rẹ̀ lọ, wọ́n sì tún ń yọ níbẹ̀ bí ó bá pẹ́ dé. (Ẹ má bi mí bí ó ṣe ń jẹun.)

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tí ń pariwo pé oyè kò wúlò mọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà di dókítà tàbí agbẹjọ́rò. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin 2024 fi múlẹ̀ kò sì ní èlé. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a fi owó ńlá ra orúkọ lásán.

Ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, bi mí pé, "Tíṣà, owó ọwọ́ mi kò lè ṣe méjì. Ṣé kí n fi rán ọmọ yìí lọ sí yunifásítì ni, àbí kí n fi gba ṣọ́ọ̀bù fún un?" Mo bi ọmọ náà ní ohun tí ó fẹ́ kọ́. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti fún òun.

"Ẹ gba ṣọ́ọ̀bù, mà."

Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin tí ẹ gboyè, àwọn ọmọ tiyín ńkọ́?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, àbúrò ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ti àbúrò ni ó wádìí jù: èló ni ọ̀gá náà gbà, ọdún mélòó sì ni.