Alùpùpù Àyìnlá

Ọjọ́ tí ẹnìkejì mi gbé laptop wa lọ, mo mọ ibi tí mo ti lè rí i. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa ń jókòó sí ilé ọtí kan ní Ìlaròó, níwájú, lórí àga tó kọjú sí títì. Àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò. Oníbàárà kan sanwó, ọ̀gbẹ́ni gba gbogbo owó náà, ó gbé èyí tó dáa nínú laptop méjèèjì, ó sì pa fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún méjì nìyẹn o.

Mo kọ́kọ́ lọ sílé ní Ayétòrò ní ọjọ́ Sátidé. Mo sọ fún Bàámi pé tó bá di Mọ́ńdè, ilé ọtí yẹn ò ní gba àwa méjèèjì. Bàámi ò fèsì. Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán, ó wá bi mí pé, "Fíìmù Àyìnlá yẹn, ṣé o ti wò ó?"

Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021 ló ń sọ, tí Lateef Adédiméjì ti ṣe Àyìnlá. Mo ní mo ti wò ó. Ó ní, "O wò ó, o ò gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, Wàídì Àyìnlá Yusuf lorúkọ rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní Ìtokò, ní 1933. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Wúràmọ́tù, ibẹ̀ ni "Ọmọwúrà" ti wá. Kò rí iléèwé lọ. Ó ṣe alápatà, ó ṣe káfíńtà, ó wa ọkọ̀, kí àpàlà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ EMI. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ṣe àwo tó tó ogún. Adéwọlé Onílùọlá ló ń lùlù fún un, ìlù yẹn sì máa ń dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí kò kàwé yìí ló ń ka ìròyìn fún àwọn èèyàn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ka èèyàn ní 1973, ó kọrin nípa rẹ̀. Nígbà tí owó Údójì dé, ìyẹn owó tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ó tún kọrin nípa ìyẹn. Ó ń gba èèyàn nímọ̀ràn, ó sì ń bú àwọn tó ń bá a díje. Tí inú bá bí i, á kó o sínú àwo, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Àwa a máa jó o.

Ṣùgbọ́n ní 6 May 1980, kò sí ìlù nítòsí. Òun àti Fatai Bayewu, tó ti ṣe máníjà rẹ̀ rí, pàdé ní ilé ọtí kan ní Àgọ́-Ìkà, l'Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ alùpùpù kan ló wà láàárín wọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Bayewu fi ife ọtí gbá a lórí. Àyìnlá kú lọ́mọ ọdún 47. Ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún Bayewu.

Ọmọ ọkọ̀ ni Bàámi nígbà yẹn, lórí ọkọ̀ tó ń ná Ayétòrò sí Láfẹ́nwá. Ó ní nígbà tí àwọn dé gáréèjì lọ́jọ́ kejì, òun rí awakọ̀ àgbàlagbà kan tó jókòó sórí táyà, tó ń sunkún bí ọmọdé.

Mo ní, "Bàámi, tèmi yàtọ̀. Ohun ìní mi ni mo fẹ́ gbà."

Ó ní, "Ta ló sọ pé alùpùpù yẹn kì í ṣe ohun ìní Àyìnlá?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Alùpùpù ọ̀hún dà báyìí?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Mi ò lọ sí ilé ọtí lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Mo jókòó ti laptop àlòkù tó kù sí mi lọ́wọ́, mo pààrọ̀ gbogbo password, mo sì kọ̀wé sí àwọn oníbàárà. Kóòdù wa wà lórí GitHub, kò sí ìlà kan tó sọnù. Mo rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i nítorí owó. Ó dá ìdajì padà, kò dá laptop padà.

Ẹ má rò pé inú mi ti rọ̀ o. Lóṣù tó kọjá, mo kọjá níwájú ilé ọtí yẹn, ó wà lórí àga rẹ̀, laptop náà wà níwájú rẹ̀. Mo dá a mọ̀, nítorí ìlẹ̀mọ́ tí mo fi sẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo kí i, ó dáhùn, mo sì ń bá tèmi lọ.

Bàámi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ṣé mo ti dé ilé. Mo ní mo ti dé, sà.