Kí Ló Wà Nínú Itan Màmá Wa?

Bí àgbàlagbà bá gbẹ, gbogbo ẹbí a kọminú, wọn a ní àìsàn kan ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá sanra, ìyìn ni: "Màmá, ìtọ́jú hàn lára yín o!" Màmá wa, tí wọ́n pé ẹni ọdún 74 lọ́dún yìí, ti gbọ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi di orin. Síbẹ̀, ó ti tó ọdún méjì tí wọn kò ti lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ méjèèjì ti apá rẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní sísanra ló fà á. Wọ́n ní kí Màmá yé jẹun alẹ́, kí ó jẹ́ tíì lásán ni wọn yóò máa mu láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú, nítorí ojú mi kò gbà á kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́ tún máa febi pa ara rẹ̀. A gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Ìbàdàn. Ó ní kí a tó mọ ohun tí a ó dín kù, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ síkáànù tí a fi ń wo aboyún ló fà jáde. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Dókítà, ṣé oyún ló wọ itan mi ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Dókítà náà fi oje tútù kan pa iwájú itan wọn, láàárín ìbàdí àti orúnkún, ó sì gbé orí ẹ̀rọ náà lé e láìtẹ̀ ẹ́, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́, iṣan á fẹ̀ pẹlẹbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á sì di irọ́. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú ara. Bí ó ṣe ń padà wá láti ara ọ̀rá, iṣan àti egungun ló fi ń ya àwòrán. Iṣan tó dára máa ń dúdú nínú àwòrán náà. Èyí tí ọ̀rá ti wọ̀ máa ń funfun. Ọ̀rá nípọn lókè itan Màmá. Iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì funfun bí ẹni pé wọ́n bu ògì sí i.

Mo fẹ́ràn pé dókítà náà kò fi àwòrán nìkan dájọ́. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá tó nípọn máa ń dín agbára ìró náà kù, nítorí náà ó yẹ kí a fara balẹ̀ túmọ̀ ohun tí a rí. Ó ní kí Màmá fún irin kan tó ń wọn agbára ọwọ́: kò pé kílò 16, iye tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣe ààlà fún obìnrin. Ó ní kí wọ́n dìde jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún láìdi àga mú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lè ṣe.

Sarcopenia ni orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Irwin Rosenberg, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1989, láti inú èdè Gíríìkì: òṣì ẹran ara. Ta ni yóò rò pé òṣì lè wà lábẹ́ irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ parí níbẹ̀, nítorí ebi kì í mú ọ̀rá nìkan lọ. Á kó iṣan mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ kíndìnrín wọn wò, dókítà ní kí ẹyin, ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín máa bá ògì àárọ̀ rìn, kí iyán sì dín kù. Ó ní kí Màmá máa dìde jókòó lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìrọ̀rí lórí àga kí ó lè ga díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá wọn kà á lórí fóònù lálaalẹ́ báyìí. Lánàá, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, Màmá sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá àwọn sọ̀rọ̀ karùn-ún títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.