Ihò Kẹta

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ti wà nílẹ̀ fún bí oṣù méjì láàárín àwa mẹ́rin tí a jọ lọ ṣe IT. A ti jiyàn títí lórí ẹni tí yóò kọ ọ́, kí a tó fẹnu kò pé kí gbogbo wa kọ ọ́ pọ̀, nítorí gbogbo wa la jọ ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ pé tí èèyàn bá ti dé 400 Level, oṣù mẹ́fà ni yóò fi lọ kọ́ṣẹ́ níta. Ibi tí àwa rí ni ọgbà mẹkáníìkì kan tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù kí ó lè máa lo gáàsì CNG pẹ̀lú. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun ní láti wá ọgbọ́n dá.

Bàbá ọ̀kan nínú wa ń fi Corolla ọdún 1997 ṣe kabúkabú. Ọkọ̀ yẹn ló ń san owó ilé ìwé ọ̀rẹ́ wa àti ti àbúrò rẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Bàbá fi tọ́jú owó kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà wá. Nígbà tí ọ̀gá wa gbọ́ pé bàbá ọ̀kan nínú wa ló ni ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa ṣe manifold rẹ̀. Mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì." Sìlíńdà gáàsì àti páìpù rẹ̀ kò kàn wá o. Nǹkan bíi 200 bar ni gáàsì náà ń wà nínú sìlíńdà, àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló ń fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ti ẹ̀ka wa. Intake manifold ni ẹ̀yà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ti Corolla yìí jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì ní apá mẹ́rin bí ìka ọwọ́. Apá kọ̀ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí sìlíńdà tirẹ̀. Kí gáàsì tó lè wọlé, a óò lu ihò kan sí apá kọ̀ọ̀kan, a óò fi táàpù gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò náà, a óò sì dé nozzle kékeré tí wọ́n fi idẹ ṣe mọ́ ọn bí ẹni dé bóòtì. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n jìnnà sí i bákan náà, kí wọ́n sì dagun bákan náà. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀, gáàsì kò ní dé sìlíńdà rẹ̀ bó ṣe ń dé àwọn yòókù.

Nozzle náà jẹ́ M6. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, àyè láti tírẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì sì jẹ́ mílímítà 1. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 6, ó ku 5. Ihò mílímítà 5 nìyẹn. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa. A ti ya tírẹ́ẹ̀dì nínú kíláàsì títí ọwọ́ fi ń dùn wá. Àmọ́ nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó ti mú táàpù lọ́wọ́ rí.

Ọ̀gá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá lórí ògbólógbòó manifold kan. Èkíní, a gbọ́dọ̀ tú manifold kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń lu ihò láìtú nǹkan kan, ọ̀gá kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rún irin kan péré tó bá já sínú sìlíńdà lè ha ògiri rẹ̀, owó tí a rò pé a fi pamọ́ á sì di owó ẹ́ńjìnnì. Èkejì, kí a fi pọ́ǹṣì sàmì sí ojú ibẹ̀ kí dírìlì má baà yọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kí táàpù dúró ṣánṣán. Ẹ̀kẹrin, kí a máa kán kẹrosíìnì sí i, torí pé alumíníọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ eyín táàpù. Èkarùn-ún ni wọ́n tẹnu mọ́ jù: "Tí ẹ bá yí i síwájú ní ìdajì, ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ̀rún rẹ̀ lè já. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ihò àkọ́kọ́ gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú. Ìkejì kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ìkẹta, aago márùn-ún ti kọjá, òjò ti ṣú, Bàbá sì ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ọkọ̀ máa jáde lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ti lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Agolo kẹrosíìnì wà ní ìkángun kejì ọgbà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dìde lọ gbé e. A ní ihò méjì ti lọ geere, kí ló fẹ́ ṣe ìkẹta? Táàpù bẹ̀rẹ̀ sí í le. Dípò kí a dá a padà, a tún fi ọwọ́ kún ọwọ́.

Ó ní kẹ́!

Ìdajì táàpù wà lọ́wọ́ wa, ìdajì wà nínú manifold Bàbá. Ẹ má bi wá pé ọwọ́ ta ló wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ wa ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí a máa kọ ọ̀rọ̀ yìí. A gbìyànjú láti fi dírìlì lù ú jáde, dírìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni, torí irin táàpù le bíi ti dírìlì fúnra rẹ̀. Ni ọ̀kan nínú wa bá ní kí a po gọ́ọ̀mù tó le bí irin, kí a fi lẹ nozzle mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Tí a bá ti kun ún, ta ni yóò mọ̀? A kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. A ti ń wá gọ́ọ̀mù kiri nígbà tí ọ̀rẹ́ wa tí bàbá rẹ̀ ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí táàpù ti kán, kò tíì la ẹnu. Ó ní, "Tí gọ́ọ̀mù yẹn bá yọ́ nínú ooru, tí gáàsì bá ń tú jáde lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ta ni yóò wà lórí sítíárì?"

Ó gbé fóònù, ó pe bàbá rẹ̀. Gbogbo wa dúró yí i ká. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í pé, "Ṣé kò sí ẹni tó ṣèṣe?" Ó ní kò sí. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí ẹnìkan tó bá yín sọ ọ́." Wọ́n kò bínú, ìyẹn ló sì dùn wá jù.

Nígbà tí ọ̀gá dé, wọ́n wo ihò náà, wọ́n wo wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: "Kẹrosíìnì dà?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé manifold lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń lo ẹ̀rọ lathe. Wọ́n ní irin tó le jù kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń fọ́ bí àwo. Wọ́n fi pọ́ǹṣì tíńtín gbá táàpù náà pẹ̀lú sùúrù títí ó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀mú kékeré ṣa á jáde. Ihò náà ti bàjẹ́, nítorí náà wọ́n lù ú fẹ̀ sí mílímítà 9, wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì M10 sí i, irú èyí tó wà lẹ́nu páìpù bíréèkì. Wọ́n wá gbẹ́ idẹ tí yóò dí i, wọ́n dé e mọ́ ọn, wọ́n sì gé M6 tuntun sí àárín idẹ náà. Wọ́n fá inú rẹ̀ kí ó má baà dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Àwa la dá owó iṣẹ́ wọn.

A rò pé ọ̀gá kò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé táàpù tuntun lé wa lọ́wọ́: "Ó ku ihò kẹrin." Ihò yẹn gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú. Agolo kẹrosíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ọmọ ọwọ́.

Kí a tó dá manifold padà, a dí ẹnu rẹ̀ gbogbo, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, a da omi ọṣẹ sí ìdí nozzle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìfófòó kankan kò yọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ fi jókòó dípò ọjọ́ kan. Owó tí Bàbá ìbá pa fún ọjọ́ méjì wọlẹ̀ nítorí ìrìn ìṣẹ́jú kan tí a kò rìn. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọkọ̀, ọ̀gá ní kí a fúnra wa fi ihò kẹta hàn wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èyí tí mo mọ̀ pé ó bàjẹ́ yìí, ọkàn mi balẹ̀ sí i ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ." Ni wọ́n bá ṣíná.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ bàjẹ́ níbi IT tiyín, ta lẹ sì sọ fún? Ẹ kọ ọ́ síbí.